Ohun tí káàdì àjọ fi kọ́ mi nípa ìṣẹ́

Obìnrin kan wà tó máa ń din àkàrà ní Ìsinkàn, ní Àkúrẹ́, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń dá àjọ igba náírà lọ́dọ̀ mi lójúmọ́. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni kì í dáná, tó bá sì di ọjọ́ Ajé, á san ti àná mọ́ ti òní kí n tó béèrè. Kí n tó dé, á ti fi owó náà sábẹ́ agolo iyọ̀, á kàn fi ojú júwe ibẹ̀ fún mi torí pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀wà lílọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mi ò bá a níbẹ̀. Lọ́jọ́rú, mi ò bá a. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mò ń bọ̀ ní Arákalẹ̀, mo rí i lọ́ọ̀ọ́kán, òun náà rí mi. Kí n tó nawọ́ kí i, ó ti yà sínú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan, ó lọ dúró sẹ́yìn àǹkárá tí wọ́n fi kọ́, títí mo fi kọjá.

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Òun kọ́ ló jẹ mí lówó, èmi ni mo jẹ ẹ́. Ọjọ́ méjìdínlógún ló ti dá nínú oṣù yẹn, ₦3,600 rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ti rí onígbèsè tó ń sá fún olówó rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí olówó tó ń sá fún ẹni tó jẹ ẹ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ara ọmọ rẹ̀ kékeré ló gbóná lóru, gìrì sì mú un. Níbi tí wọ́n gbé e lọ, wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀ kí wọ́n tó gba ọmọ náà wọlé. Ó kó owó ẹ̀wà, ó kó owó òróró, kò tó. Ó wá yá ìyókù lọ́wọ́ àwọn tó ń yáni lówó èlé, àwọn sogúndogójì. Ọmọ yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n délé, kò sí ẹ̀wà, kò sí òróró, kò sì sí ohun tó máa fi ra èyíkéyìí nínú wọn.

Mo bi í pé, "Ìyá Alákàrà, kí ló dé tí ẹ ò wá gba owó yín lọ́wọ́ mi?"

Ó ní, "Alájọ, gbogbo èèyàn tó wà ní títì yìí ló mọ̀ pé owó Wáẹ̀kì àkọ́bí mi ni mò ń dá. Tí mo bá ní kí ẹ wá sanwó lọ́jọ́ kejìdínlógún, gbogbo wọn á mọ̀ pé mo ti ṣubú. Káàdì yẹn nìkan ló kù lára mi tí kò tíì bàjẹ́."

Gbólóhùn yìí ló ń bá mi rìn láti ìgbà náà. Òun ló jẹ́ kí n padà lọ wo gbogbo ohun tí ojú mi ti rí nídìí iṣẹ́ yìí, àti ohun tí mo ti rí nílé bàbá mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọdún 2009 ni mo di alájọ. Fún ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń lọ, ojú ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí káàdì kan, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ tèmi. Ẹni tó bá ń dá igba náírà á mú ₦6,200 wá láàárín oṣù, á sì gba ₦6,000 lọ. Mi ò tijú iṣẹ́ mi o. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti Ìsinkàn dé Ọjà Ọba, láti Ọjà Ọba dé Òkè-Àrò, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò ọ̀rọ̀ yìí wò. Ẹni tó kówó sí báńkì, báńkì ló ń fún un ní èlé. Ẹni tí kò ní, òun ló ń sanwó fún mi kí n tó bá a tọ́jú tirẹ̀. Kò sì lè ṣe kó má ṣe é, nítorí báńkì kò ní wá bá a nídìí agbada, òun náà kò sì lè fi òróró gbígbóná sílẹ̀ kó lọ tò nítorí igba náírà.

Abà bàbá mi wà lójú ọ̀nà Ọ̀dà, níbi tí kòkó ti pọ̀ lọ títí tó fi kan ilẹ̀ Ìdànrè. Mo ṣì kéré lọ́dún 1986 tí ìjọba àpapọ̀ tú àjọ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ká, lásìkò ètò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ayé ń pè ní SAP. Ṣáájú ìgbà náà, ìjọba ló ń dá iye tí wọ́n máa ra kòkó. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá lówó ló ń wọ inú abà wá rà á. Lákọ̀ọ́kọ́, owó kòkó gòkè débi pé àwọn àgbẹ̀ ń jó. Bàbá mi rẹ́ ilé, ó ra kẹ̀kẹ́ ológeere. Nígbà tó yá, owó kòkó já wálẹ̀, oògùn tí wọ́n ń fín sí i tí àrùn kò fi ní sọ èso di dúdú sì wọ́n gógó. A ò tòṣì nígbà yẹn. À ń jẹun, à ń lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nílẹ̀ tí a lè gbójú lé bí ọ̀ràn bá dé.

Ọ̀ràn dé lọ́dún 1991. Ìyá mi rọbí fún ọjọ́ méjì, ọmọ kò wá. Wọ́n gbé e wá sí Àkúrẹ́, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Oṣù keje la wà, kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so ni, oṣù kẹsàn-án ló tó máa bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n dáadáa. Bàbá mi ní owó lórí igi, kò ní in lápò. Ọkùnrin kan tó máa ń ra kòkó ní abà wa ló fún un lówó ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì fi oko dógò lọ́wọ́ rẹ̀. Àdéhùn wọn ni pé ọkùnrin náà ni yóò máa ká kòkó oko náà títí bàbá mi yóò fi dá owó rẹ̀ padà lódindi. Kòkó tó bá ká kò ní dín gbèsè kù. Èlé owó rẹ̀ nìyẹn.

Mo ti rò ó nígbà tí mo dàgbà, mi ò sì tíì rí bí ẹni tó bá wọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣe fẹ́ tètè jáde. Oko tó yẹ kí ó mú owó wá tí bàbá mi máa fi gba oko padà ti wà lọ́wọ́ ẹni tó gba oko. Bàbá mi di alágbàṣe. Ó ń ro oko olóko ní ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn oko tó máa ń ro ni oko tirẹ̀ gan-an, tí ọkùnrin yẹn máa ń sanwó iṣẹ́ fún un níbẹ̀. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó fi àdá pa koríko ìdí igi kòkó kan, ó dúró, ó fọwọ́ kan ara igi náà, ó tún ń bá iṣẹ́ lọ. Kò sọ nǹkan kan fún mi, èmi náà kò béèrè.

Ìyá mi yè, àbúrò mi náà yè. Nítorí náà, mi ò ní sọ láé pé ohun tí bàbá mi ṣe kò dáa. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn aya rẹ̀ á ṣe é. Ìdá kan nínú mẹ́ta oko náà la rí gbà padà kí bàbá tó kú ní 2004. Lọ́dún 2024 tí kòkó gòkè kọjá $10,000 fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, tí àwọn èèyàn abà wa ń ra ọkọ̀, ọ̀pọ̀ nínú igi tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ń so fún àwọn ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun tó dùn mí ju ọ̀rọ̀ oko lọ ni ìpàdé ẹbí. Bàbá mi ni àgbà láàárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń gbé obì fún. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan tí oko ti lọ, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé kó tó dé. Tó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀ torí àgbà, wọ́n á sì tún padà sórí ohun tí àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ti sọ. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri pé kò mọ owó ná ni. Ọkùnrin tí gbogbo wọn ti ń pè ní òṣìṣẹ́ takuntakun! Àwọn àgbà wa mọ ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó ní, òṣì ní í jẹ́ "ta ló mọ̀ ọ́ rí," owó ní í jẹ́ "mo bá ọ tan." Nígbà tó yá, bàbá mi kò lọ sí ìpàdé mọ́. Lọ́dún tí a fẹ́ wá owó ilé ìwé fún mi, kò sí ẹnì kankan nínú ẹbí tó lè lọ bá, torí ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn. Ibi tí ìwé mi dúró sí nìyẹn.

Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo rí yìí, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ àjọ, ẹnu mi náà ni mo fi ń bá àwọn èèyàn wí. Mẹkáníìkì kan wà ní Òkè-Àrò tí kì í jẹ́ kí káàdì rẹ̀ pé. Tó bá ti dá a dé ọjọ́ kẹwàá, á ní kí n máa kó owó òun bọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo dúró níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, mo sọ fún un pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, pé ẹni tí kò bá lè mú sùúrù fún oṣù kan kò ní ní nǹkan láyé. Ó gba owó rẹ̀, ó dúpẹ́.

Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà, mo ń lọ sí Ìbàdàn ní ìdájí, aago mẹ́rin ààbọ̀ kò tíì lù. Mo rí tírélà sìmẹ́ǹtì kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì rí mẹkáníìkì náà láàárín àwọn tó ń já ẹrù, àpò wà lórí rẹ̀, gbogbo ojú funfun. Á já sìmẹ́ǹtì títí ilẹ̀ á fi mọ́, á wẹ̀, á lọ ṣí ìsọ̀. Mo wá gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kú tó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un, mẹ́ta yẹn sì wà lórí mẹ́rin tirẹ̀. Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ni mo mọ̀ ní Àkúrẹ́ yìí tó ń ṣiṣẹ́ tó ọkùnrin náà. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, torí níwájú wọn ni mo ti wí i.

Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ń gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ọ̀lẹ ló ń tòṣì, mo máa ń fẹ́ mú un rìn yí ọ̀nà mi ká fún ọjọ́ kan péré. Á rí bí nǹkan ṣe wọ́n fún ẹni tí kò ní. Ẹni tó lè ra àpò gààrì kan ń jẹ ẹ́ lówó pọ́ọ́kú ju ẹni tó ń ra kóńgò lọ, ẹni tó ń ra kóńgò sì sàn ju ẹni tó ń fi agolo mílíìkì wọn ún. Ilé ńkọ́? Onílé á ní kí wọ́n san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àti owó ajẹ́ǹtì, àti owó àdéhùn. Ẹni tí kò bá ní in á máa gbé yàrá tí òjò ń wọ̀, oògùn ikọ́ tó ń rà fún ọmọ lọ́dún yóò sì ju àfikún owó ilé lọ. Oògùn gan-an, ẹyọ méjì méjì ni wọ́n ń rà á. Ibà á lọ sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́, kò ní pẹ́ tó tún máa gbé wọn dè. Mo ti rí i lórí káàdì: ọjọ́ mẹ́ta ó ṣófo, ọ̀sẹ̀ kan ó kún, ọjọ́ márùn-ún ó tún ṣófo. Mi ò ní láti béèrè mọ́ kí n tó mọ̀ pé oògùn kò pé.

Ìṣẹ́ tún máa ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan ràn dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Láti 1976 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀ tí Àkúrẹ́ sì di olú ìlú rẹ̀, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọjà wa ń wò lójú. Láàárín 2015 sí 2017, nígbà tí owó epo rọ̀bì ti já lágbàáyé, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà ló jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù. Tíṣà kan tó jẹ́ oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí ra ìrẹsì láwìn lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Ọjà Ọba, òun pẹ̀lú tíṣà bíi mẹ́wàá mìíràn. Obìnrin náà kò lè sọ pé rárá, ọdún méjìlá ni wọ́n ti ń bá a rà á. Ìwé àwìn rẹ̀ kún, ìsọ̀ rẹ̀ gbẹ. Ọmọkùnrin tó ń fi báró gbé àpò fún un kò rí iṣẹ́ ṣe mọ́, ó padà sí Ìgbàrà-Òkè. Káàdì mẹ́ta ni mo pàdánù láàárín oṣù kan, tíṣà, obìnrin náà, àti ọmọkùnrin báró. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ṣe ohun tí kò dáa.

Ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ kàn mí lára. Lóṣù kejì, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, àwọn èèyàn ní owó ní báńkì, wọn kò rí i gbà. Wọ́n ń fi owó ra owó lọ́dọ̀ àwọn onípóòsì. Ta ni yóò fi irú owó bẹ́ẹ̀ dá àjọ? Kí a tó mí, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí kò tó ₦200 lítà kan di nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó ọkọ̀ gòkè, gààrì tó ń wọkọ̀ wá gòkè, àwọn oníbàárà mi tó ń dá igba náírà sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún, àwọn tó ń dá ọgọ́rùn-ún dáwọ́ dúró. Èmi náà wá ń sá. Mo jẹ onílé mi, mo sì máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lálẹ́ kí ó má bàa rí mi. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún oṣù mẹ́ta nítorí ẹgbẹ́ wa fẹ́ dá owó, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ mi kí n máa wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìyá alákàrà tó yé mi délé.

Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kọkànlá 2022, NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò, gbé èsì ìwádìí wọn jáde pé èèyàn mílíọ̀nù 133 ni ìṣẹ́ ń bá fínra ní Nàìjíríà, ìyẹn 63 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpínlẹ̀ Òǹdó ni tirẹ̀ kéré jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè, 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú àwọn kan dùn nígbà tí a gbọ́ ọ lórí rédíò ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí inú dùn. Owó nìkan kọ́ ni ìwádìí yẹn wò, ó wo ilé ìwé, omi, ìlera, iṣẹ́, irú ilé tí èèyàn ń gbé. Kòkó àwọn bàbá wa ló kọ́ ilé fún wa, òun náà ló rán ọ̀pọ̀ lọ sílé ìwé, ìyẹn sì ń gbè wá títí di òní. Ṣùgbọ́n 27 nínú ọgọ́rùn-ún ju ẹnì kan nínú mẹ́rin lọ. Bí mo bá ka ìsọ̀ mẹ́rin mẹ́rin láti ìpẹ̀kun kan Ọjà Ọba dé ìkejì, mo mọ ẹni tí mò ń bá pàdé. Nítorí pé ilé tí wọ́n jogún ṣì dúró, tí wọ́n sì wọ aṣọ tó mọ́ jáde, kò sẹ́ni tó máa rò pé omi gààrì ni wọ́n mu sùn.

Mo ti bá àwọn èèyàn jà gan-an lórí aṣọ ẹbí àti òkú ṣíṣe. Ní ìlú wa yìí àti ní Òǹdó, òkú àgbà kì í ṣe ohun kékeré. Mo ti san àjọ oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà fún ẹni tó fi gbogbo rẹ̀ ra màlúù, tí ọmọ rẹ̀ sì wà nílé nítorí owó ilé ìwé. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, inú ṣì ń bí mi díẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó ń ta ata ṣàlàyé kan fún mi tí mi ò lè dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ̀yin ń rí aṣọ. Èmi ń rí àwọn èèyàn tó máa wá nígbà tí tèmi bá dé. Ọdún tí mi ò ra aṣọ ẹgbẹ́, ọmọ mi ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó yọjú. Ọdún tí mo rà á, ọkọ mi jábọ́ lórí ọ̀kadà, kí n tó dé ilé ìwòsàn wọ́n ti dá owó sílẹ̀."

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ púpọ̀. Bàbá mi ló tún wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí kò lọ sí ìpàdé ẹbí mọ́, kò ná owó obì, ó dà bíi pé ó ń fi owó pamọ́. Àwọn tó lè dìde fún un ló ń pàdánù. Mi ò sọ pé kí ẹni tí kò ní lọ jẹ gbèsè nítorí léèsì. Mo kàn ti mọ̀ pé kì í ṣe afẹ́ ló ń lé ọ̀pọ̀ wọn, ìbẹ̀rù ni: wọn kò fẹ́ dá wà lọ́jọ́ ibi.

Ti àwọn ọmọ ló le jù lójú mi. Nínú ilé tí ọwọ́ bá ti dilẹ̀, ọmọbìnrin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rán lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan ní Èkó tàbí Abuja, pé yóò máa lọ sílé ìwé níbẹ̀. Mo mọ méjì tí wọ́n padà dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí wọn kò kọ́ ìwé, tí wọn kò kọ́ṣẹ́, tí wọn kì í fẹ́ wo ojú èèyàn. Àwọn ọmọkùnrin á ní àwọn kò lè ṣe bí bàbá àwọn ṣe ṣe é kó má sì sí nǹkan kan lọ́wọ́, wọ́n á gba ìdí kọ̀ǹpútà lọ, sínú yàhúù. Ọmọ mẹkáníìkì Òkè-Àrò yẹn sọ fún mi rí pé, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi ń ṣiṣẹ́ láti ìdájí. Ṣé ẹ rí nǹkan kan níbẹ̀?" Mo fẹ́ dá a lóhùn, mo sì rántí ìgbà tí èmi fi ẹnu ara mi wí bàbá rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo sọ ti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ti wọ FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́, fún un, pé sìmẹ́ǹtì tí bàbá rẹ̀ ń já ló gbé e débẹ̀. Kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ.

Mo mọ̀ pé a lè dí ojú ilẹ̀kùn tí ìṣẹ́ ń gbà wọlé, torí mo ti rí i tí wọ́n dí ọ̀kan. Ní 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ètò Abiyè ní Ìfẹ́dọrẹ, ní 2010 wọ́n ṣí ilé ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ sí Àkúrẹ́, aláboyún sì ń bímọ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà. Ní 2012, ìyàwó oníbàárà mi kan rọbí títí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un. Awakọ̀ ni ọkọ rẹ̀, kò ní ju ₦4,000 lọ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kẹta, mo rí i nídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó ń pe èrò. Ó san àjọ ọjọ́ náà fún mi. Mo gba owó náà, mo ní kí n lọ mu omi, ibi tí mo ti ń mu omi ni omi ti ń bọ́ lójú mi. Irú ìṣòro kan náà ló dé bá bàbá mi ní 1991. Èyí kò fi ọkọ̀ rẹ̀ dógò.

Ohun tí apá èmi ká kò pọ̀. Ní 2024, mo bá ogójì nínú àwọn oníbàárà mi sọ ọ́ pé kí kálukú máa fi ọgọ́rùn-ún náírà kún tirẹ̀ lọ́sẹ̀, kí a ya á sọ́tọ̀ fún àìsàn. Ẹni tó bá yá nínú rẹ̀ á máa dá a padà díẹ̀ díẹ̀, kò sí èlé. Oṣù kẹta, ẹnì kan kó ₦15,000, a ò rí i mọ́ títí di òní. Àwọn méjì ní ọmọ àwọn ń ṣàìsàn, owó ilé ni wọ́n fi san. Ó kù díẹ̀ kí n tú u ká. Àwọn obìnrin Ọjà Ọba ni kò gbà. Wọ́n ní kí a má fún ẹnikẹ́ni lówó lọ́wọ́ mọ́, kí ẹnì kan bá aláìsàn lọ, kí ó san án fún ilé ìwòsàn tàbí fún onífámásì. Ó ń lọ dáadáa láti ìgbà náà. Kò tó iṣẹ́ abẹ, kò ní tó o láéláé. Ṣùgbọ́n ó tó ibà ọmọdé, oògùn sì ń pé.

Ìyá alákàrà ti padà sídìí agbada. Ìdajì òṣùwọ̀n ẹ̀wà tó ń din tẹ́lẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ṣe Wáẹ̀kì lẹ́yìn ọdún kan. Òun ló kọ́ mi ní ohun tí mò ń ṣe báyìí: tí káàdì ẹnì kan bá ṣófo fún ọjọ́ mẹ́ta, mo máa ń lọ sílé rẹ̀. Mi ò kì í mú báàgì àjọ dání, mi ò kì í mú káàdì. Mo máa ń lọ lálẹ́ nígbà tí aládùúgbò kò ní ka ẹni tó ń wọlé. Bí wọn kò bá ṣílẹ̀kùn, mo máa ń dárúkọ ara mi láti ìta, mo máa ń sọ pé owó kọ́ ni mo bá wá.

Ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe nítòsí Ọjà Ọba ni mo lọ wò ní àná. Ọjọ́ karùn-ún rẹ̀ nìyí. Iná wà nínú yàrá, mo gbọ́ ohùn ọmọdé tí ẹnì kan sọ fún pé kó dákẹ́. Mo dúró díẹ̀, mo kí wọn, mo ní ó dàárọ̀. Màá tún padà lọ lálẹ́ òní.